Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Jàǹbá Ọkọ̀: Àwọn Àṣà Ojoojúmọ́ Tó Ń Dáàbò Bo Ẹ̀mí Lójú Pópó

Àwọn ìbéèrè yìí ni awakọ̀, èrò ọkọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ àti òbí sábà máa ń béèrè nígbà tí ọ̀rọ̀ jàǹbá ọkọ̀ bá délẹ̀. Mo dáhùn wọn bí mo ṣe máa dá ẹni tó jókòó tì mí lóhùn.

Ṣé jàǹbá ọkọ̀ kì í ṣe àyànmọ́ ni? Bí ọjọ́ ẹni bá pé, ṣé ìṣọ́ra lè dá a dúró?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní àyànmọ́ nìkan ni, bí ó ṣe ń pa èèyàn níhìn-ín ni ì bá máa pa wọ́n lọ́hùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìjábọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2023, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.19 èèyàn ni jàǹbá ojú pópó ń pa lọ́dún kan. Èyí lé ní 3,200 lójúmọ́. Kò sí ohun tó ń pa àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 5 sí 29 tó o. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó ń kú yìí ló jẹ́ ará àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ wọ́n lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí mẹ́fà péré nínú mẹ́wàá ọkọ̀ ayé ló wà lọ́dọ̀ wọn.

Ní 1997, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Sweden fọwọ́ sí ìlànà kan pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kú tàbí kí ó fara pa yánnayànna lójú pópó wọn. Wọ́n tún títì ṣe, wọ́n dín eré kù, iye àwọn tó ń kú sì já wálẹ̀ gan-an. Àyànmọ́ àwọn ará Sweden kọ́ ló yí padà.

Èmi mọ ọkọ̀ wà dáadáa. Kí ló dé tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ àṣà?

Nítorí pé nígbà tí ewu bá yọjú, kò sí àyè ìrònú mọ́. Ẹ wò ó báyìí: bọ́ọ̀lù kan yí jáde láàárín ọkọ̀ méjì tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọmọ tó ni ín ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà tí ojú yín bá rí bọ́ọ̀lù títí di ìgbà tí ẹsẹ̀ yín máa kan bíréèkì, ó lè tó ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀. Ohun tí ẹ ti ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó yọ ló máa pinnu bóyá ọmọ yẹn á padà sílé: eré tí ẹ ń sá, ibi tí ojú yín wà, bí ọwọ́ méjèèjì bá wà lórí sítíárìn tàbí ọ̀kan ń wá nǹkan nínú àpò.

Àwa tó ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ la tilẹ̀ máa ń gbàgbéra jù. A ti ṣe àṣìṣe kan náà ní ọgọ́rùn-ún ìgbà tí nǹkan kan kò ṣe wá, a wá ń rò pé ọgbọ́n wa ni. Gbogbo ìgbà tí a mórí bọ́ yẹn ló ń kọ́ wa ní ìwàkuwà.

Bí títì bá dán, tí ọkọ̀ mi sì le, kí ló burú nínú kí n fi eré díẹ̀ kún un?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń lọ ní nǹkan bí mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ẹsẹ̀ tó kan bíréèkì, ó ti lọ ní mítà 21. Bí bíréèkì bá wá mú un, tí títì gbẹ, tí táyà sì dára, yóò tún fi nǹkan bí mítà 14 lọ kó tó dúró. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 35.

Wàyí o, ẹ fi ọkọ̀ mìíràn tó ń sá 65 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ méjèèjì rí ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti dúró jẹ́ẹ́, eré tó wà lára ìkejì ṣì lé ní 50. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Kìlómítà 15 tí a rò pé "díẹ̀" ni, ara ọmọ yẹn ló máa san án.

Ohun tó fà á ni pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bíréèkì nílò láti fi dá ọkọ̀ dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Kí ọkọ̀ sì fi eré 50 kọ lu ògiri dà bí ìgbà tí èèyàn já bọ́ láti òkè tó ga tó mítà 10. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró lórí ilé alájà mẹ́ta tó wo ìsàlẹ̀, á mọ ohun tí mò ń sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí eré tí àwọn ọkọ̀ ń sá lójú ọ̀nà bá fi ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ewu jàǹbá tó ń pani á fi nǹkan bí ìdá 4 lé sí i.

Kí ni èrè rẹ̀? Bí ibi tí ẹ ń lọ bá jẹ́ kìlómítà 10, ẹni tó sá 50 á fi ìṣẹ́jú 12 débẹ̀, ẹni tó sá 60 á fi 10 débẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré ni, tí iná pupa kan ní oríta bá sì dá a dúró, ó ti tán. Ẹni tó bá fẹ́ tètè dé, kó tètè jáde nílé. Kò sí ohun tó wúlò tó o.

Òfin gbà mí láyè eré kan. Ṣé bí mo bá sá a, mo ti bọ́?

Òpin tí a kò gbọdọ̀ kọjá lójú ọjọ́ tó dára ni òfin ń sọ. Bí òjò bá ń rọ̀, bí ilẹ̀ bá ṣú, bí àwọn ọmọ bá ń jáde nílé ìwé, ẹ dín eré kù sí i.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mo ti sún mọ́ ọkọ̀ iwájú jù?

Ẹ wo ohun kan tí kò kúrò lójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òpó iná tàbí igi. Bí ìdí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kí oókan tó ìṣẹ́jú àáyá kan, kí eéjì náà tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá dé ìdí òpó yẹn kí ẹ tó parí eéjì, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ kà á dé ẹẹ́rin. Bí ẹrù bá pọ̀ nínú ọkọ̀ yín, tàbí tí ẹ bá wà lẹ́yìn tírélà tí kò jẹ́ kí ẹ rí iwájú, ẹ tún fi kún un.

Ẹnì kan á já wọ àlàfo tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn. Ó máa ń bí èèyàn nínú, mo mọ̀. Ẹ kàn sún sẹ́yìn, kí ẹ tún un kà. Ẹni tó wá lẹ̀ mọ́ yín lẹ́yìn tó ń tan iná sí yín ńkọ́? Ẹ má sáré nítorí rẹ̀, ẹ má sì já bíréèkì mọ́ ọn lójú. Ẹ rọra dín eré kù, kí ẹ fún un láyè kó kọjá. Ó sàn kó wà níwájú tí ẹ ti ń rí i.

Mo kàn fẹ́ wo ẹni tó pè mí lórí fóònù ni. Ṣé ìyẹn náà léwu?

Ó léwu, ojú ara mi ni mo fi rí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, fóònù mi tàn lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi. N kò gbé e. Mo kàn yọjú sí i kí n lè rí ohun tí wọ́n kọ. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú mi ti kún gbogbo gíláàsì. Mo fi gbogbo ara tẹ bíréèkì, táyà han, ọkọ̀ dúró. Àlàfo tó kù láàárín wa kò ju ìbú ọwọ́ méjì lọ. Ọmọbìnrin kékeré kan wà ní ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn. Ó yíjú padà, ó ń wò mí látinú gíláàsì, kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí òun. Ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí mi ni: "Ṣé o ti ń bọ̀?" Láti ọjọ́ yẹn ni fóònù mi ti ń wà nínú àpò lẹ́yìn ọkọ̀ bí mo bá ń wakọ̀.

Bí ọkọ̀ bá ń sá 90, tí ẹ sì gbójú kúrò lójú ọ̀nà fún ìṣẹ́jú àáyá 5, mítà 125 ni ẹ ti fi ojú dídì rìn. Ó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Awakọ̀ tó ń lo fóònù sún mọ́ jàǹbá ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ẹni tí kò lò ó.

Bí mo bá ń fi ohun àfetígbọ́ sọ̀rọ̀, tí ọwọ́ mi wà lórí sítíárìn ńkọ́?

Kò fi bẹ́ẹ̀ sàn. Ọkàn ló ti kúrò lójú ọ̀nà, ọwọ́ nìkan ló kù. Èrò tó jókòó tì yín tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ ń rí ohun tí ẹ ń rí. Bí tírélà bá yọ, òun náà á dákẹ́. Ẹni tó wà lórí fóònù kò rí tírélà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni yóò máa sọ lọ, ẹ̀yin náà á sì máa wá èsì.

Bí ẹ bá nílò àwòrán ọ̀nà lórí fóònù, ẹ ti tò ó kí ọkọ̀ tó ṣí. Bí ìpè kan bá ṣe pàtàkì, ẹ wá ibi tó dára kí ẹ yà sí. Ẹ̀yin tó sì ń pe ẹni tí ẹ mọ̀ pé ó wà nídìí ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ ni, "Ṣé o ti dúró?" Bí kò bá tíì dúró, ẹ pa fóònù náà.

Ibi tí mò ń lọ kò jìn. Ṣé dandan ni kí n de bẹ́líìtì?

Ọ̀pọ̀ ìrìn tí à ń rìn ni kò jìn, ibẹ̀ náà sì ni jàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀. Bẹ́líìtì olókùn mẹ́ta tí à ń lò lónìí, tó gba èjìká kọjá àyà tó tún di ìbàdí mú, iṣẹ́ ọwọ́ Nils Bohlin ni. Ẹnjiníà ni ní ilé iṣẹ́ Volvo, 1959 sì ni wọ́n gbé e jáde. Ilé iṣẹ́ náà gba àwọn tó kù láyè láti máa ṣe é. Ó ń dín ewu ikú àwọn tó jókòó níwájú kù títí dé ìdajì.

Ìjókòó ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àìkà-á-sí. Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, ẹni tó wà lẹ́yìn tí kò de bẹ́líìtì kò ní dúró. Eré tí ọkọ̀ ń sá ni yóò fi fò, ẹ̀yìn orí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ni yóò sì bá. Ẹni tó de tirẹ̀ níwájú lè tipa bẹ́ẹ̀ kú.

Ẹ má fi okùn òkè gba abẹ́ apá. Egungun ìhà ni yóò fọ́. Aláboyún náà gbọ́dọ̀ de é: kí okùn ìsàlẹ̀ wà lábẹ́ ikùn, lórí egungun ìbàdí, kí ti òkè gba àárín ọmú méjèèjì kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ikùn.

Mo lè gbé ọmọ mi mọ́ra dáadáa. Ṣé ọwọ́ ìyá kò tó o?

Ìfẹ́ ló ń mú ìyá gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń ṣòro fún mi láti sọ èyí. Ọwọ́ ìyá kò tó o. Ọmọ tó wọn kìlógíráàmù 10, bí ọkọ̀ bá fi eré 50 kọ lu nǹkan, ìwúwo rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ní ìṣẹ́jú yẹn á ju ti kìlógíráàmù 100 lọ. Kò sí ẹni tó lè di ìyẹn mú. Bí ìyá kò bá sì de bẹ́líìtì, òun gan-an ni yóò tẹ ọmọ náà mọ́ iwájú ọkọ̀.

Ìjókòó ọmọdé tí a dè mọ́ ọkọ̀ ni ààbò rẹ̀. Ó lè dín ikú ọmọ ọwọ́ nínú jàǹbá kù ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ọmọ ọwọ́ kọjú sẹ́yìn nínú rẹ̀, nítorí orí rẹ̀ wúwo, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì le. Ẹ má gbé ìjókòó tó kọjú sẹ́yìn síwájú ọkọ̀ tí àpò afẹ́fẹ́ (airbag) rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí àpò yẹn bá tú jáde, agbára rẹ̀ lè pa ọmọ. Ìjókòó ẹ̀yìn ni ààyè ọmọdé.

Oorun ń kùn mí, ṣùgbọ́n mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ dúró. Èyí ni mo bẹ̀ yín jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, nítorí pé oorun kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹ kò ní mọ ìgbà tí yóò gbé yín. Ojú á pa dé fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ̀yin á rò pé ẹ kàn ṣẹ́jú ni, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ti rin ọgọ́rùn-ún mítà láìsí awakọ̀. Ìdí nìyí tí jàǹbá oorun fi máa ń burú: kò sí ẹni tó tẹ bíréèkì.

Ẹni tó ti wà lójúfò fún wákàtí 17, bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe dà bíi ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dé ibi tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti sọ pé kó kúrò nídìí ọkọ̀. Gíláàsì tí a ṣí sílẹ̀, rédíò tí a gbé sókè àti omi tútù tí a bù sójú kì í lé oorun lọ. Ohun tó ń lé e ni kéèyàn sùn. Ẹ yà síbi tó láàbò, ẹ pa ọkọ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sùn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí ẹ bá jí, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ rìn díẹ̀ kí ẹ tó tún gbéra.

Bí ẹ kò bá rántí bí ẹ ṣe kọjá oríta tó wà lẹ́yìn yín, bí táyà bá ń gun ìlà ẹ̀gbẹ́ títì, bí orí bá ń já bọ́, ẹ ti pẹ́ jù kí ẹ tó dúró. Ní ìrìn ọ̀nà jíjìn, ẹ máa sinmi ní wákàtí méjì méjì.

Ìgò kan péré ni mo mu. Ṣé mo lè wakọ̀?

Rárá. Ọtí ti ń bàjẹ́ ojú àti ìpinnu kí èèyàn tó mọ̀ pé òun ti ń yó. Omi, kọfí tàbí oúnjẹ kì í yára lé e jáde nínú ẹ̀jẹ̀. Àkókò nìkan ló ń ṣe é. Ẹni tó mu púpọ̀ lóru lè ṣì ní in lára bí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ ti pinnu bí ẹ ṣe máa padà sílé kí ẹ tó gbé ìgò, torí ẹni tó ti mu kì í ṣèpinnu gidi. Àwọn oògùn kan náà wà tó ń mú oorun wá, ti ikọ́ àti ti ọ̀fìnkìn pẹ̀lú. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí wọn.

Kí ni kí n máa ṣe yàtọ̀ bí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí ilẹ̀ bá ṣú?

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló ń yọ̀ jù, nígbà tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ po epo àti eruku ojú títì pọ̀. Ẹ dín eré kù, ẹ tan iná iwájú ní ìsàlẹ̀ kí àwọn mìíràn lè rí yín, kódà bí ojúmọmọ bá ni. Bí sítíárìn bá fúyẹ́ lọ́wọ́ yín lójijì nínú omi, omi ti gbé táyà kúrò lórí títì nìyẹn. Ẹ má já bíréèkì, ẹ má yí sítíárìn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ẹ di sítíárìn mú gbọingbọin títí táyà á fi tún kan ilẹ̀. Omi tí ẹ kò mọ bó ṣe jìn tó, ẹ má wọ̀ ọ́.

Lóru, ẹ má sáré kọjá ibi tí iná yín tàn dé. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ níwájú, ẹ sọ iná gíga kalẹ̀. Bí òun kò bá sọ tirẹ̀ kalẹ̀, ẹ gbójú sí ìlà ẹ̀gbẹ́ títì níhà tiyín, kí ẹ dín eré kù. Ẹ má tan tiyín padà sí i, awakọ̀ méjì tí kò ríran ló máa wà lójú títì. Ẹ tún máa nu gíláàsì nínú. Ìdọ̀tí tí a kì í rí lójúmọmọ ló máa ń di funfun báláú bí iná bá kàn án.

Kí ni mo lè yẹ̀ wò lára ọkọ̀ láìjẹ́ mẹkáníìkì?

Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí òun nìkan ló kan ilẹ̀. Ẹ wo afẹ́fẹ́ rẹ̀ nígbà tí kò tíì gbóná. Ẹ fi ọwọ́ pa ara rẹ̀ bóyá ó ti wú tàbí ó ti sán. Kí jíjìn ihò tí wọ́n gbẹ́ sójú rẹ̀ má dín sí mílímítà 1.6, èyí tí òfin ọ̀pọ̀ ibi fi ṣe òpin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú òjò, kí ó tó dé ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti ń dín kù. Lára táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ẹ máa rí nọ́ńbà mẹ́rin ní ìparí. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tí ojú rẹ̀ ṣì dán lè ti gbó nínú, pàápàá èyí tí oòrùn ti ń pa fún ọdún púpọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà yẹn kí ẹ tó sanwó.

Yàtọ̀ sí táyà, ẹ wo gbogbo iná, wáípà, epo bíréèkì àti dígí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, kó tó di pé ẹ gbéra.

Ìgbà wo ló yẹ kí n ya ọkọ̀ iwájú sílẹ̀?

Nígbà tí ẹ bá rí ojú ọ̀nà títí dé ibi tí ẹ máa padà sí, pẹ̀lú àlékún. Bí ẹ bá ń béèrè lọ́kàn ara yín pé "Ṣé mo lè ráyè?", ìdáhùn ti jẹ́ rárá. Ẹ má yà á sílẹ̀ ní kọ́nà, lórí òkè, lórí afárá tóóró tàbí ní oríta. Bí ọkọ̀ kan bá sì dúró níwájú ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sọdá, ẹ má ya òun náà sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló ń dúró dè.

Ẹ wo dígí, ẹ tan tíráfíkétọ̀, kí ẹ sì yí orí wo ẹ̀gbẹ́, torí igun kan wà tí dígí kì í fi hàn, alùpùpù sì lè wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ mìíràn bá ń yà yín sílẹ̀, ẹ má tẹná. Mo ti rí i tí àwọn méjì fi ìgbéraga yìí du ọ̀nà, tí ẹni tó ń bọ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ sì wọ inú kòtò.

Mò ń gun alùpùpù. Kí ló ṣe pàtàkì jù fún mi?

Akoto. Bí a bá dé e dáadáa, ó ń dín ewu ikú kù ní ìlọ́po tó ju mẹ́fà lọ, ó sì lè dín ewu ìpalára ọpọlọ kù dé ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ akoto tó wà lọ́wọ́ tàbí tí okùn rẹ̀ ń fì kì í ṣe akoto mọ́. Yóò ti fò lọ kí orí tó kan ilẹ̀. Ẹ de okùn rẹ̀ kí ìka méjì péré lè wọ abẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá ti jábọ́ gan-an, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí inú rẹ̀ lè ti fọ́ láìhàn síta. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn náà ní orí. Ẹ tan iná lọ́sàn-án, ẹ wọ aṣọ tó ń tàn, ẹ má sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà tó fẹ́ yà.

Báwo ni ẹlẹ́sẹ̀ ṣe lè dáàbò bo ara rẹ̀?

Ó lé ní ìdajì nínú àwọn tí jàǹbá ojú pópó ń pa lágbàáyé tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó ń gun alùpùpù. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ awakọ̀ ni ẹrù náà ti wúwo jù. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹ rìn ní ìhà tí ẹ ó ti máa kojú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sọdá, ẹ dúró, ẹ wo ọ̀tún àti òsì, kí ẹ tún wo ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí ojú yín àti ti awakọ̀ pàdé kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá dúró fún yín, ẹ má sáré. Ẹ dúró ní òpin rẹ̀, kí ẹ yọjú wo ẹni tó lè máa bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lóru, aṣọ dúdú kò fara hàn. Ẹ gbé iná tàbí kí ẹ wọ ohun funfun.

Ọmọ kékeré kò lè fojú díwọ̀n eré ọkọ̀, kódà bó bá rí i. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú ní ọrùn ọwọ́. Ìka ọmọ máa ń yọ̀ bọ́. Ẹ sì má pe ọmọ láti òdìkejì títì. Ohùn ìyá tàbí bàbá nìkan ni yóò gbọ́, kò ní wo ọkọ̀ kankan.

Ṣé ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà lè fa jàǹbá?

Ó lè fà á. Ẹ máa fi ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn ṣí i. Ara yín á yí fúnra rẹ̀, ojú yín á sì rí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn.

Èrò ni mí, awakọ̀ ń sá eré àsápajúdé. Kí ni mo lè sọ tí kò ní di ìjà?

Ẹ tètè sọ ọ́, kí inú tó ru. Ẹ sọ nípa ara yín, kì í ṣe nípa bó ṣe mọ ọkọ̀ wà tó: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi rọra, ọkàn mi ò balẹ̀." Ọ̀pọ̀ awakọ̀ á gbọ́ èyí, tí wọn kò ní gbọ́ "Ṣé o fẹ́ pa wá ni?" Bí ẹ bá pọ̀ nínú ọkọ̀, tí ẹnì kan bá sọ ọ́, ẹ̀yin tó kù, ẹ má dákẹ́. Ẹ gbè é lẹ́sẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wa ni awakọ̀ máa ń kà sí pé ó tẹ́ wa lọ́rùn. Bí kò bá gbọ́, ẹ ní kó dúró síbi tó dára kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Owó ọkọ̀ ń padà wá.

Àwa èrò náà ń dá kún un. Bí awakọ̀ bá yára gbé wa débi tí à ń lọ, a ó yìn ín: "Awakọ̀, o gbayì!" Ẹni tó rọra wà á dé láyọ̀, a ó ti máa kùn sí i lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká yí ìyìn yẹn padà.

Mo dé ibi tí jàǹbá ti ṣẹlẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Kí ẹ má di ẹlẹ́ẹ̀kejì nínú rẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ yín sí iwájú díẹ̀ kúrò lójú títì, ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú, kí ẹnì kan lọ sẹ́yìn dáadáa kó máa fi àmì dá àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ kọ́. Ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, kí ẹ sọ ibi tí ẹ wà àti iye ẹni tó fara pa. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ní jàǹbá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáná síbẹ̀.

Ẹ má fa ẹni tó fara pa jáde, àfi bí iná bá ń jó tàbí omi ń gbé ọkọ̀ lọ. Egungun ọrùn tàbí ẹ̀yìn tó ti kán lè gé iṣan tó ń gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ bí a bá fà á. Bí akoto bá wà lórí ẹni tó ń mí dáadáa, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú egbò náà gan-an. Ẹ má ṣí i wò bóyá ó ti dáwọ́ dúró. Bí aṣọ bá rin, ẹ fi òmíràn lé e. Ẹ má fún un lómi mu, bó ti wù kó bẹ̀ tó, torí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Ẹ fi fóònù sápò bí ẹ bá ti pe ìrànlọ́wọ́ tán. Kò sí ẹni tó yẹ kí ẹbí rẹ̀ kọ́kọ́ rí i nínú fídíò. Ẹ kúnlẹ̀ sí ibi tó ti lè rí ojú yín láìyí ọrùn. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ kí ẹ máa fi pè é, ẹ sọ fún un pé ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀, kí ẹ má sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí wọn yóò fi dé.